Kí àwọn òtẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn yé purọ́ nípa ibi tí wọ́n wà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ẹ̀dùn ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń kó ìtìjú bá ìlú wa. Púpọ̀ nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní Ìbàdàn ni kò sọ òótọ́ fún àlejò nípa ibi tí wọ́n wà, àwọn aláṣẹ tí ó yẹ kí wọ́n bá wọn wí sì ń wò wọ́n níran.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, àwọn àna wa wá láti Port Harcourt fún ìgbéyàwó ọmọ wa. Wọ́n ti sọ ṣáájú pé àwọn fẹ́ ibùsùn tí ó súnmọ́ àárín ìlú, kí àwọn àgbà tí ó wà láàárín wọn lè rí Gbọ̀ngàn Mápó, kí wọ́n sì jẹ àmàlà tí gbogbo ayé fi mọ Ìbàdàn. Ọmọ wọn rí òtẹ́ẹ̀lì kan lórí fóònù, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ pé àárín gbùngbùn Ìbàdàn ni ó wà, àti pé kò jìnnà sí Mápó àti Dùgbẹ̀. Wọ́n san gbogbo owó náà kí wọ́n tó gbéra nílé. Ìgbà tí wọ́n dé ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀yìn Àkóbọ̀ lọ́hùn-ún ni ilé náà wà, ní ojú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, láàárín àwọn ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán, níbi tí máíkírà, ọkọ̀ kékeré tí ó ń kó èrò ní ìgboro wa, kì í gbà kọjá bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì náà kò ní ju ìrẹsì àti indomie lọ. Nígbà tí a di àmàlà sínú kúlà fún wọn láti ilé wa, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní oúnjẹ ìta kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n bi ọmọbìnrin tí ó ń gba àlejò wọlé léèrè ibi tí ènìyàn ti lè jẹun nítòsí, ó ní òun kò mọ̀. Ojú tì mí gidigidi níwájú àwọn tí a fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé gbólóhùn náà, "kò jìnnà," kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹnu lásán sọ níbí. Ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829 ti fẹ̀ títí ó fi gba ìjọba ìbílẹ̀ 11. Òtẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìbàdàn ni. Èyí tí ó wà ní Ìdó, Ìbàdàn náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sùn sí ọ̀kan tí ó sì ní nǹkan ṣe ní ìkejì yóò la gbogbo ìgboro já. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Ìwó Road nìkan tó láti ba ọjọ́ ènìyàn jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé àárín ìlú ni òun wà nígbà tí òun wà ní ẹ̀yìn Àkóbọ̀, irọ́ ni ó pa, owó tí ó sì gbà lọ́wọ́ àlejò, owó èrú ni.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé bí wọ́n bá sọ òótọ́, kò ṣòro rárá fún àlejò láti yan ibi tí ó bá a mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìlú àtijọ́, Mọ̀kọ́lá ni kí ó wá ibùsùn sí tàbí àyíká rẹ̀. Orí òkè ibẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì Premier wà láti àwọn ọdún 1960, Gbọ̀ngàn Àṣà tí Demas Nwoko ya àwòrán kíkọ́ rẹ̀ sì wà ní orí òkè kan náà, níbi tí ènìyàn ti lè dúró kí ó máa wo àwọn òrùlé páànù ìlú wa. Sábó tí àwọn Hausa ti ń yan sùyà ní alẹ́ kò jìnnà síbẹ̀, kò-jìnnà tòótọ́ ni mo sọ. Láti Mọ̀kọ́lá, máíkírà yóò gbé ènìyàn dé Dùgbẹ̀, níbi tí Ilé Kòkó alájà 26 wà, èyí tí wọ́n fi owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kọ́ tí wọ́n sì parí ní 1965. Láti ibẹ̀ ni yóò gba Bẹẹrẹ lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, kí ó wo àwọn òpó ńláńlá rẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà Ọba, kí ó sì tún lọ sí Òkè Àrẹ láti gun ilé ìṣọ́ Bower, Láyípo wa, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Gbogbo rẹ̀ ṣe é ṣe ní ọjọ́ kan bí ènìyàn bá tètè jáde ní òwúrọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ni ó gbé e wá, Bódìjà ni mo máa ń júwe fún un. Àwọn búkà tí ó wà níbẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀ ti gbajúmọ̀ débi pé àwọn ènìyàn a máa ti Èkó wá jẹun níbẹ̀: àmàlà dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò tí èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú lórí rẹ̀, ọbẹ̀ ata, ṣàkì, fùkù àti ẹran ògúnfe. Àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀sán ni ó yẹ kí òun lọ, nítorí ẹni tí ó bá pẹ́ dé kò ní bá ògúnfe nílẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sùn sí Bódìjà yóò tún súnmọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 tí ó ní ọgbà ẹranko, yóò sì súnmọ́ ọgbà Agodi tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn. Jericho àti Ìyágànkú dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n dára fún ẹni tí ó fẹ́ sinmi, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní ìhà Alẹ́ṣinlọ́yẹ́. Àmọ́ kí ẹni tí ó bá yan ibẹ̀ mọ̀ pé òun yóò máa wọ ọkọ̀ lọ jẹun. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, Moniya ni àwọn tí ó bá bá a wá ń sọ̀ sí, ní ìparí ìlú lápá àríwá. Ó burú kí wọ́n tan irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sùn ní ìhà Challenge nígbà tí kò mọ̀ pé òdì kejì ìlú ni ó ń lọ.

Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni a ń ki ìlú wa. Àjèjì kan náà ni a wá ń rẹ́ jẹ báyìí. Àwọn aláṣẹ tí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ wà lọ́wọ́ wọn mọ ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì dáadáa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn béèrè lọ́wọ́ olótẹ́ẹ̀lì pé, "Ibi tí o kọ síta fún aráyé yìí, ṣé ibẹ̀ ni a wà báyìí?" Wọn a máa sọ̀rọ̀ nípa fífa àlejò wọ ìpínlẹ̀ wa níbi ìpàdé, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà sí ọ́fíìsì wọn.

Àbá tí mo ní nìyí. Kí ìjọba pa á láṣẹ pé gbogbo òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ gbé pátákó kan sí ojú ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò wọlé, kí ohun tí ó wà lára pátákó náà sì wà nínú gbogbo ìpolówó wọn, pàápàá èyí tí ó wà lórí fóònù. Kí wọ́n kọ orúkọ ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí ó súnmọ́ wọn jù síbẹ̀, yálà ọjà ni, tàbí ọ̀rìta, tàbí ilé ìwòsàn, nítorí ní Ìbàdàn, nọ́ńbà ilé kì í júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ ibi tí máíkírà ń já èrò sí, àti bí ìrìn ẹsẹ̀ ṣe pẹ́ tó láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ búkà mẹ́ta tí ó wà nítòsí, oúnjẹ tí wọ́n ń tà, àti wákàtí tí oúnjẹ máa ń tán. Kí wọ́n kọ owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Mápó, dé Dùgbẹ̀, dé Bódìjà àti dé Moniya, ẹfun ni kí wọ́n sì fi kọ ti owó ọkọ̀ yìí, nítorí pé kì í dúró sójú kan. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba wọ máíkírà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ìjọba, kí ó tọ ọ̀nà náà láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ òtẹ́ẹ̀lì kankan fọwọ́ sí. Èyí tí ó bá purọ́, kí ó dá owó àlejò padà, kí ó sì san owó ìtanràn. Mo mọ̀ pé àwọn olótẹ́ẹ̀lì kan yóò sọ pé búkà yóò gba oníbàárà lọ́wọ́ ilé ìdáná wọn. Èsì mi ni pé àlejò tí ó bá jẹun dáadáa tí wọn kò sì tàn jẹ yóò tún padà wá sùn sọ́dọ̀ wọn, àwọn ìyá tí ó ń ta àmàlà pàápàá yóò sì máa júwe òtẹ́ẹ̀lì wọn fún ẹlòmíràn.

Òfin pé oúnjẹ ìta kò gbọdọ̀ wọlé, kí wọ́n fagi lé e. Kí wọ́n sì gbé àmì tí ó ń júwe ọ̀nà Láyípo sí Bẹẹrẹ àti Mápó.

Mo bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí pátákó náà kí oṣù Kejìlá tó dé, nítorí ìgbà náà ni àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun máa ń kó àlejò wálé fún ọdún àti ìgbéyàwó, tí wọ́n á sì ti sanwó ibùsùn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàlúù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Mọ́lété, Ìbàdàn.