Rísí, má kà á sókè létí Ìyá

Àjàṣẹ́-Ìpo,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rísí mi,

Wo ẹ̀yìn rẹ ná. Bí Ìyá bá wà nítòsí, pa foonu dé, kí o padà wá ka èyí tó bá di alẹ́. Mi ò lè fi ohùn ránṣẹ́ lónìí, torí mo mọ̀ pé ẹ jọ máa ń gbọ́ ọ ni. Ìyá á gba foonu mọ́ ọ lọ́wọ́, á máa dá mi lóhùn, á tún máa bínú pé mi ò fèsì. Ó wá ku kí n kọ ọ́.

Ara ọmọ ńkọ́? Mo rí àwòrán rẹ̀. Imú bàbá rẹ̀ ló gbé wá, a ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Alàáfíà la wà níbí. Sàlámọ́tù bí ìbejì, Wàsíù mi ti wọ JSS 1, ẹ̀rọ ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti dákẹ́, ẹ̀yìn tó ń dùn mí sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn adìyẹ Ìyá wà. Mo tètè sọ ọ́ torí Ìyá kì í béèrè ọkọ mi, kì í béèrè ọjà. "Sìdí, àwọn ọmọ mi ńkọ́?" ni, ìwọ àti Múdà àbúrò rẹ kọ́ ló sì ń bèèrè o. Bí mo bá ti ní wọ́n wà, á ní "Gómìnà ńkọ́?" Gómìnà wà. Ó ti tóbi sí i, ọrùn rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó sì ń lé àwọn ọmọ iléèwé tó bá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Abọ́lọ́rùn tí Ìyá gbà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ náà ni wọ́n ṣì jẹ́, mi ò jẹ́ kí àkùkọ agric kankan yọjú sí wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ tí wọ́n pa kẹ́yìn, mo rí àwọn kan tí ìdì ìyẹ́ kékeré hù níwájú ọrùn wọn, ibì kan ṣoṣo, bí gbogbo ìyókù ṣe wà ní bòróbòró. Ẹ̀jẹ̀ adìyẹ lásán ti wọ inú ìyẹn láti ibì kan. Àkùkọ Bàbá Télọ̀ ni mo fura sí. Àwọn tí ọrùn wọn mọ́ pátápátá ni mo ń yà sọ́tọ̀ fún sísàbà, àwọn tó kù á wúlò fún ìkómọ.

Ooru ọdún yìí, Rísí, ká má parọ́, ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ààwẹ̀ parí, a ní òjò á rọ̀, òjò kò rọ̀. Bí aago méjìlá bá ti lù, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ró kẹ́kẹ́kẹ́, ilẹ̀ á máa jó èèyàn gba inú sálúbàtà. Ìyàwó tíṣà tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kó adìyẹ agric sínú yàrá bulọ́ọ̀kù kan, fèrèsé kan ṣoṣo, páànù lásán lórí, iná kò sì wá kí fáànù tó gbójú lé lè ṣiṣẹ́. Kó tó ti ọjà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ju ìdajì wọn tó ti kú. Òkú ẹran, ta ni yóò rà á? Mo bá a káwọ́ lérí díẹ̀, mo sì sáré lọ ka ti Ìyá.

Dókítà ẹran tó máa ń ti Òmù-Àrán wá bá ìyàwó tíṣà náà lálejò lọ́jọ́ kejì. Ó ní adìyẹ kì í làágùn rárá. Mo ní, "Dókítà, àwọn baba wa ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀." Ó ní kí n lọ tú ìyẹ́ náà wò kí n wá fún òun lésì. Ó ní ara adìyẹ máa ń gbóná tó 41°C láìṣe àìsàn kankan, pé bó ṣe ń yanu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yẹn, pẹ̀lú ogbe orí rẹ̀ àti ibi tí awọ rẹ̀ ti hàn síta, ni ooru ń bá jáde. Ó ní ìdí nìyẹn tí abọ́lọ́rùn fi ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn ju àwọn tí ìyẹ́ bò lọ. Ìyá ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó bí dókítà. Ṣé o rántí pé òun ló máa ń sọ pé òun ò lè sin adìyẹ tó wọ ẹ̀wù òtútù lóṣù Ẹrẹ́nà?

Síbẹ̀, abọ́lọ́rùn kì í ṣe òkúta. Kí oòrùn tó mú ni mo ń fọ́n àgbàdo fún wọn, ó tún di lẹ́yìn Àsárì, torí adìyẹ tó bá yó lọ́sàn-án, oúnjẹ tó ń dà nínú rẹ̀ ń dá ooru kún ooru ni. Àwọn abọ́ ike tí Ìyá fi sílẹ̀, mo ti kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi inú wọn máa ń gbóná débi pé èèyàn lè fi po gààrí. Nígbà tí mo lọ Ìlọrin, mo yà sí àdúgbò Dàda, mo ra àwo amọ̀ fífẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò. Amọ̀ ń jẹ́ kí omi yọ díẹ̀díẹ̀ síta, afẹ́fẹ́ sì ń fi ìyẹn mú un tutù. Má sọ iye tí mo rà á fún Ìyá. Oògùn àrùn lúkúlúkù tí wọ́n ń ṣe ní Vom lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, èyí tí wọ́n máa ń kán sí wọn lójú, mo ti kán an kí ọyẹ́ tó dé, ọ̀kan ò kú.

Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo rẹ̀ dúró lé ni abẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni mo gbé àwo omi sí, ibẹ̀ ni mo ń da omi sí lórí iyanrìn. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn tútù náà, wọ́n á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á gbé apá kúrò lára díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Bí o bá sún mọ́ àgbébọ̀ pupa yẹn, wàá rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ awọ ìhòòhò, kíákíá, kò ní dá dúró títí oòrùn á fi yẹ̀. Lójú oòrùn ńlẹ̀, mi ò rò pé á rí ọjọ́ mẹ́ta.

Ká tún wá sọ ti àṣá. O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò wọn, tí òjò bá gbójú tán, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àgbébọ̀ dúdú pa ọmọ mẹ́sàn-án. Mo fi GV, oògùn egbò aláwọ̀ aró yẹn, kun gbogbo wọn lẹ́yìn bí Ìyá ṣe kọ́ wa, wọ́n di aláró, ọkọ mi ní ṣé mo fẹ́ rán wọn lọ síbi ìgbéyàwó ni. Mo ra awó méjì nítorí ariwo wọn. Ariwo yìí ò jẹ́ ká sùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àtìní, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lókè. Wọ́n figbe ta. Àgbébọ̀ náà fọhùn lẹ́ẹ̀kan, ohùn gígùn kan báyìí, gbogbo ọmọ rẹ̀ sì wọ abẹ́ àwọn ẹ̀ka tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ yẹn. Àṣá já wálẹ̀, ẹ̀ka kò jẹ́ kó ráyè na apá. Ó yí padà lófo, ó lọ bà sórí òpó iná, ó ń wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ilé adìyẹ ni mo ń tì fún ẹ̀tà kó tó di Màgàríbì, wáyà olójú kékeré ni mo sì fi dí i, torí àgò lásán kò lè dá ẹ̀tà dúró. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Ti ọ̀sán ló dẹ́rù bà mí, kò sì sí ohun tí mo lè fi rọ́pò igi.

Rísí, Múdà fẹ́ gé igi náà.

Ó ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sójú títì Ọ̀fà, igi sì wà lójú ọ̀nà. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, iṣẹ́ kò lọ, ojoojúmọ́ sì ni ọkọ̀ Ìlọrin, ti Ọ̀fà àti ti Òmù-Àrán ń pàdé ní oríta wa. Bí èmi bá ní ilẹ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni ǹ bá kọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fẹsẹ̀ wọn ọ́n. Láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná àtijọ́ dé kànga gba ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láìfọwọ́ kan igi. Bíríkìlà tó mú wá fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, nígbà tí Múdà lọ ra píọ̀ wọ́tà.

Mo bá a sọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí Sìdí, ṣé nítorí adìyẹ?" O mọ ohùn tó fi sọ ọ́. Mo dákẹ́. Láti ìgbà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn, bí mo bá ní òjò ń rọ̀, á jáde láìmú agboòrùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nítorí adìyẹ ni. Ìyá ní tí ọmọ bá ti ń rìn òun ń bọ̀ nílé, kò sì sọ ohun mìíràn tó fẹ́ bá nílé ju ìyẹn lọ. Bàbá ló gbin igi yẹn. Èso kún un fọ́fọ́ báyìí, ó ku díẹ̀ kó pọ́n. Ta ní ń gé igi tó ń so?

Pè é fún mi. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í já ọ ní koro. Má dárúkọ mi, má mẹ́nu ba adìyẹ, má sì jẹ́ kí Ìyá gbọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò lè gbé e. Ọ̀rọ̀ owó ni kí o bá a sọ. Bí o bá lè fi nǹkan kún owó símẹ́ǹtì rẹ̀, kó jẹ́ lórí pé ẹ̀gbẹ́ kànga ló máa kọ́ ọ sí, mo rò pé á gbà. Mo mọ ohun tí owó ilé ń gbà lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ojú tì mí kí n tó kọ ìyẹn, mo sì ti kọ ọ́.

Lẹ́yìn Ìṣáì ni kí o pè é, ìgbà yẹn ló máa ń kúrò nídìí ayò. Má fi WhatsApp pè é, kì í gbé e. Nọ́ńbà rẹ̀ gangan ni. Ọjọ́ Ajé ni oníayùn sọ pé òun ń bọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Sìdí