Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin máa gbé irin

Sí Olóòtú,

Mo fẹ́ fèsì sí àwọn tó ń sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí pé obìnrin tó bá ń gbé irin tó wúwo fún eré ìdárayá yóò dà bí ọkùnrin. Họ́mọ́ọ̀nù (èròjà inú ara) tó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi kéré púpọ̀ lára obìnrin, nítorí náà ẹ̀rù yẹn kò nídìí.

Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, eegun obìnrin a máa yára di ẹlẹgẹ́, débi pé ìṣubú kékeré nínú balùwẹ̀ lè ṣẹ́ egungun ìbàdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá ń fa eegun nígbà tí a bá ń gbé ohun tó wúwo, eegun náà kì í tètè joro. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn irú eré ìdárayá yìí fún àgbàlagbà, ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀.

Iyán gígún ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà fún àwọn ìyá wa (èmi náà gún un títí apá fi ń ro mí), àmọ́ ẹ̀rọ ti gba odó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀ nílé. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ rí dókítà.

Èmi ni,
Olùkọ́ obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.