Ẹ Má Fi “rm” Pa Fáìlì Tí nginx Fi Sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ ìwé yìí jáde fún àwọn tó ń tọ́jú sáfà Debian àti Ubuntu. Àṣìṣe kékeré kan wà tó jẹ́ pé àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe sí i ló burú jù ú lọ.

Ẹnì kan yọ nginx, ètò tó ń gbé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde, tó gbà lọ́wọ́ nginx.org kúrò, ó lo “apt remove nginx”, ó sì fi “userdel nginx” pa aṣàmúlò rẹ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ kejì, “systemctl status logrotate” ń kọ “failed”. (Logrotate ni ètò tó ń yí log, ìyẹn fáìlì àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ: á gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣí tuntun, kí ó má baà kún dísìkì.) Ẹ wo “journalctl -u logrotate”, ẹ ó bá “unknown user 'nginx'” níbẹ̀.

Remove kì í fọwọ́ kan fáìlì ìṣètò tó wà ní /etc. Ayálégbé ti kó jáde, ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní yàrá. /etc/logrotate.d/nginx kò kúrò, ìlà “create 640 nginx adm” sì wà nínú rẹ̀, tó ní kí log tuntun jẹ́ ti aṣàmúlò nginx tí kò sí mọ́. (Nginx tí Debian fúnra wọn ń pèsè ń lo aṣàmúlò www-data, ìyẹn kì í dá irú èyí sílẹ̀.) Ẹ má gbójú lé “missingok” tó wà nínú fáìlì náà: log tí kò sí ló ń fojú fò, kì í ṣe aṣàmúlò tí kò sí.

Logrotate á fo ti nginx, á yí àwọn log yòókù bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí “failed” bá ti di ojoojúmọ́, lọ́jọ́ tí log mìíràn bá kọṣẹ́ gan-an, ta ni yóò mọ̀?

Àwọn tó kù á fi rm, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, pa fáìlì náà, ibẹ̀ gan-an la ti ń bẹ̀rù. Dpkg, ètò tí apt ń lò láti fi nǹkan sórí ẹ̀rọ, kì í gbàgbé. Bí ẹ bá tún fi nginx sórí ẹ̀rọ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, á gbà pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa fáìlì yẹn ni, kò sì ní dá a padà. Nginx á máa ṣiṣẹ́ geere, access.log rẹ̀ tí ohunkóhun kò yí mọ́ á máa sanra, títí dísìkì á fi kún.

Ohun tó tọ́ ni purge, tó ń yọ ètò pẹ̀lú fáìlì ìṣètò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo “dpkg -l | grep ^rc”: rc ni èyí tí a yọ tí ìṣètò rẹ̀ kù. “dpkg -S /etc/logrotate.d/nginx” á sọ ẹni tó ni fáìlì náà. Lọ́dọ̀ nginx.org, nginx ni. Lọ́dọ̀ Debian, nginx-common ni, ìdí nìyí tí àwọn kan fi purge nginx tí fáìlì kò sì kúrò. Purge nginx-common máa ń gbá /var/log/nginx àti /etc/nginx lọ pátápátá, nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà wọn pamọ́ ná:

tar czf /root/nginx.tgz /var/log/nginx /etc/nginx

Lẹ́yìn náà ni “apt purge”, pẹ̀lú orúkọ tí dpkg -S fún yín. “logrotate -d /etc/logrotate.conf” á yẹ gbogbo rẹ̀ wò láìyí log kankan, bí kò bá sí “error” mọ́, ẹ pàṣẹ “systemctl start logrotate”, ẹ má dúró de òru.

Ẹni tó ti fi rm pa á, tó sì ti tún fi nginx ti nginx.org sí i, kó lo àṣẹ yìí, tó ń dá fáìlì ìṣètò tó sọnù padà:

apt install --reinstall -o Dpkg::Options::=--force-confmiss nginx

Àwa olùtọ́jú sáfà,
Ìbàdàn