Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Fífi Kọ̀ǹpútà Kọ́ Bí A Ṣe Ń Wa Bàlúù Rímóòtù

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì dùn mọ́ mi nínú láti gbọ́ pé ara rẹ le, àti pé o kò tíì pa ẹ̀kọ́ bàlúù rímóòtù tí o dáwọ́ lé tì. O ní sìmúlétọ̀ orí kọ̀ǹpútà, ètò tí a fi ń wa bàlúù àfarawé lójú kọ̀ǹpútà, ti ń sú ọ, pé o ti lè mú bàlúù inú rẹ̀ tàkìtì lójú ọ̀run láìjẹ́ kó já, o sì ń bi mí bóyá o lè gbé bàlúù gidi lọ sí pápá báyìí. Ìdáhùn mi ni pé kò tíì yá. Kì í ṣe pé mo fojú kéré ọ. Ohun tí o ń fi sìmúlétọ̀ náà ṣe ni kì í ṣe ibi tí ó ti wúlò jù.

Bàlúù ńlá tí à ń wọ̀, inú rẹ̀ ni awakọ̀ ń jókòó sí, ọ̀tún bàlúù sì ni ọ̀tún tirẹ̀ nígbà gbogbo. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí orí ilẹ̀ ni ìwọ wà. Nígbà tí bàlúù bá ń lọ, tí ìrù rẹ̀ kọjú sí ọ, ọ̀tún rẹ àti ọ̀tún rẹ̀ bára mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yípo tí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀tún rẹ̀ di òsì rẹ. O ti ọ̀pá ìdarí sọ́tùn-ún, o rí i tí ó tẹ̀ sósì, àyà rẹ já, o tún tì í sí i, kí o tó mọ̀, imú bàlúù ti wọlẹ̀. Aileron (abala ìyẹ́ tó ń mú bàlúù tẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì) àti rudder (abala ìrù tó ń yí imú sọ́tùn-ún tàbí sósì) nìkan ló ń dà bí ẹni pé wọ́n dojú rú báyìí. Elevator, abala ìrù tó ń gbé imú sókè tàbí sísàlẹ̀, kò yí padà, bí o bá fa ọ̀pá rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ, imú yóò gbé sókè, yálà ó ń lọ ni o tàbí ó ń bọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà nínú eré yìí ń kọ́ni ni pé bí bàlúù bá ń bọ̀, kí o ti ọ̀pá aileron sí ìhà tí ìyẹ́ rẹ̀ ti wálẹ̀, bí ẹni ń fi igi gbé ògiri tó fẹ́ wó ró. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n bí o bá ṣì ń rò ó kí ọwọ́ rẹ tó ṣe é, ó ti pẹ́ jù. Ọwọ́ ni kí ó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí. Nítorí náà, máa wa bàlúù náà bí nọ́ńbà 8 tó sùn sílẹ̀, jẹ́jẹ́, kí ó máa kọjú sí ọ ní ẹ̀ẹ̀kan lápá òsì, ní ẹ̀ẹ̀kan lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ pé ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n yí sí, wọn kì í sì í mọ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi lé wọn sí ìhà kejì.

Má ṣe fi kíbọ́ọ̀dù kọ́ ọ rárá. Rímóòtù tí o máa gbé lọ sí pápá gan-an ni kí o fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pá throttle rẹ̀, èyí tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì tàbí dín in kù, kì í ta padà sáàárín fúnra rẹ̀, ti rímóòtù gémù sábà máa ń ta padà, ó sì kúrú. Ìka tó bá kọ́ ti gémù kò ní tètè mọ ti pápá. Yan Mode 1 tàbí Mode 2, ìyẹn ètò tó ń sọ ọ̀pá tí yóò máa darí ohun kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò kọ́ ọ lórí pápá ṣe ń lò ó, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò já rímóòtù gbà lọ́wọ́ rẹ láìbéèrè.

Bàlúù tó yára tí o fẹ́ràn yẹn, fi í sílẹ̀ ná. Mú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè ara rẹ̀, tí ìyẹ́ náà gbé ṣóńṣó sókè díẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, nítorí irú èyí máa ń gbìyànjú láti tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà bí o bá dẹwọ́. Tan afẹ́fẹ́ sí i nínú sìmúlétọ̀ náà. Ojú ọjọ́ tí kò mira rárá ṣọ̀wọ́n ní pápá. Bá afẹ́fẹ́ kojú nígbà tí o bá ń gbéra àti nígbà tí o bá ń balẹ̀. Pa ìlànà tó ń mú kí bàlúù tóbi lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ó bá jìnnà, kí ó lè kéré lójú rẹ bí yóò ti kéré ní pápá.

Bíbalẹ̀ ni kí o lo àkókò tó pọ̀ jù lé lórí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i pé bàlúù kò ní dé ojú pápá, ó máa ń fa elevator kí imú lè gbé sókè. Eré bàlúù yóò já wálẹ̀, atẹ́gùn kò ní lè gbé ìyẹ́ mọ́, ìyẹ́ kan yóò sì ṣubú ṣáájú èkejì. Bí o bá rí i pé kò ní dé ojú pápá, throttle ni kí o fi kún, kí elevator máa ṣọ́ eré. Máa sọ ọ́ kalẹ̀ títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí o tún gbé e sókè, láìtíì balẹ̀ rárá, títí ojú rẹ yóò fi mọ ìsọ̀kalẹ̀ tó tọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí jù ni bọ́tìnì àtúnbẹ̀rẹ̀, èyí tí o ń tẹ̀ kí bàlúù inú kọ̀ǹpútà tó já lè padà bọ̀ sípò. Bí o ṣe ń lò ó ló máa sọ bóyá eré ni o ń ṣe tàbí ẹ̀kọ́. Edwin Link ará Amẹ́ríkà, tí bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ dùùrù, fi ẹwìrì àti èlò dùùrù ṣe ẹ̀rọ ìkọ́ni-wa-bàlúù rẹ̀ ní 1929. Ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà á sí, kí àwọn ènìyàn lè sanwó gùn ún ṣeré. Ní 1934, lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ ológun tí wọ́n ní kí wọ́n máa gbé lẹ́tà lójú òfuurufú kú nínú ojú ọjọ́ burúkú, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ra mẹ́fà nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe ló yàtọ̀. Nítorí náà, bí bàlúù inú kọ̀ǹpútà bá já, gbé ọwọ́ kúrò, kí o sọ fún ara rẹ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe kí ó tó já, kí o tó tẹ bọ́tìnì náà.

Àwọn nǹkan kan wà tí sìmúlétọ̀ kò lè kọ́ ọ: wíwo bóyá aileron ń lọ síbi tí ó yẹ kí o tó gbéra, ibi tí ìwọ̀n bàlúù ti dọ́gba, dídán bí rímóòtù ṣe lè jìnnà sí bàlúù tó wò, mímọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú bátìrì LiPo lásán (irú bátìrì tí bàlúù rímóòtù ń lò) kò gbọdọ̀ kọjá fólùtì 4.2 àti pé a kì í fi í sílẹ̀ lórí ṣájà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lè gé ìka. Ìwọ̀nyí, mo máa fi ọwọ́ ara mi hàn ọ́.

Nígbà tí o bá lè wa bàlúù tí kò yára yẹn nínú afẹ́fẹ́, tí o sì lè balẹ̀ láti ìhà méjèèjì, kọ̀wé sí mi. A óò so rímóòtù méjì pọ̀, èmi ni n óò gbé bàlúù gbéra, n óò mú un lọ sókè dáadáa, lẹ́yìn náà ni n óò gbé ìdarí lé ọ lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.