Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kàwé mọ́jú

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ọyẹ́, níbi yòówù tí iná yàrá yín ti ń tàn di ìdájí, mo kí yín.

Mo gbọ́ pé TDB, ìyẹn "till daybreak", lẹ ń pe ìwé kíkà mọ́jú báyìí. Nígbà tiwa, a ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù nínú bàsíà, a ó máa jẹ obì, èéfín àtùpà á sì máa kọ́ wa nímú. Ní 1974, òru mẹ́ta ni n kò fi fojú ba oorun kí n tó wọlé ìdánwò. Mo rí ìbéèrè, mo mọ̀ pé mo ti kà á. Àní mo rí ojú ewé náà lọ́kàn mi, títí kan ibi tí epo pupa ta sí nígun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìkan ni n kò rí.

Kò mọ sórí mi nìkan. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí orí ń gbóná fún, tí ìwé kò wọlé sí lórí mọ́. Ó pè é ní "brain fag", ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ.

Ẹ gbọ́, ìwé kíkà ni wíwa iṣu. Oorun ni kíkó o wálé. Bí ẹ bá ń sùn lọ́wọ́ ni ọpọlọ ń to ohun tí ẹ kọ́ sí àyè rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 17 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru. Ẹni tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán, 7.

Ẹ jẹun àárọ̀ pẹ̀lú. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ tó ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò. Ẹ̀wà dára, ẹyin dára. Ní ti iyán, ọmọ Èkìtì ni mí, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú kan lẹ́nu mi nípa rẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ ẹ́ tán kí ẹ wá ṣí ìwé. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn dáadáa dé orí. Kì í ṣe gbogbo ìrìn ló tó ọ̀kadà.

Fóònù ló kù. Nílé mi, bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, mo ń gba ti ọmọ ọmọ mi tó ń múra WAEC, inú odó ni mo ń gbé e sí, màá sì fi àwo dé e. Àmọ́ ó ti mọ ibẹ̀ báyìí. Mo ní láti wá ibòmíràn.

Èmi ni bàbá yín, tíṣà àtijọ́,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.