Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí akọ ológbò àti àwọn ọmọ tuntun

Kétu, ọjọ́ Àìkú

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Lánàá, o sọ fún mi pé abo ológbò rẹ ti bí ọmọ mẹ́rin sínú páálí, àti pé akọ tí o ń sìn jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ké. O bi mí bóyá kí o ṣílẹ̀kùn fún un. Fóònù gé kí n tó dá ọ lóhùn tán, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé.

Má ṣe ṣílẹ̀kùn. O lè má rántí abo ológbò tí a ní nígbà tí o wà ní kékeré, èyí tó bímọ sẹ́yìn àká àgbàdo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá òkú méjì nínú àwọn ọmọ náà, ojú eyín wà lọ́rùn wọn, gbogbo ilé sì ń sọ pé ìyá wọn ló pa wọ́n. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo sì lé ìyá náà jáde. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé akọ tó ń rìn kiri àdúgbò ló ṣeé ṣe jùlọ kí ó ṣe é, ó sì ń dùn mí títí di òní. Akọ lè pa ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé abo tí kò fún ọmọ lọ́mú mọ́ a máa tètè wá akọ. Kì í ṣe gbogbo akọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń lá àwọn ọmọ lára, tí wọ́n sì ń sùn tì wọ́n. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé òun ni bàbá wọn, torí pé àwọn ọmọ tí a bí lọ́jọ́ kan náà lè ní ju bàbá kan lọ.

Fi ìyá àti àwọn ọmọ sí yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì dáadáa, kí o sì ti fèrèsé lálẹ́, nítorí àgbàlá yín ní Àjàṣẹ́ fara kan ti aládùúgbò, akọ mìíràn sì lè fo ògiri wọlé. Ojú wọn kì í là kí ó tó tó nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14, wọn kò sì lè mú ara wọn móoru fúnra wọn. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, fi aṣọ kún inú páálí náà. Kí àwọn ọmọ rẹ má ṣe máa gbé wọn káàkiri, kí ìyá wọn má baà kó wọn lọ sí ibi tí o kò mọ̀.

Ní báyìí, òórùn ni kí akọ àti ìyá náà fi mọ ara wọn. Fi aṣọ gbígbẹ nu akọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o fi sí igun kan nínú yàrá ìyá, jìnnà sí páálí; gbé aṣọ tí ìyá ń sùn lé fún akọ bákan náà. Máa bọ́ wọn ní ìhà méjèèjì ilẹ̀kùn tí a tì, kí oúnjẹ àti òórùn ara wọn lè máa bá ara wọn rìn.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti ń rìn dáadáa, tí ìyá wọn sì ń fi wọ́n sílẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, jẹ́ kí akọ rí wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o jókòó tì wọ́n. Ìyá ni yóò sọ bóyá àkókò tó. Bí ó bá ń kùn, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, mú akọ jáde, kí o má ṣe nà án. Bí akọ náà bá tẹ ara mọ́lẹ̀, tí ó ń wò wọ́n láìṣẹ́jú bí ẹni tí ń dọdẹ eku, fi aṣọ ìnura nípọn bò ó kí o tó gbé e. Má ṣe fi ọwọ́ lásán là wọ́n. Má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ papọ̀ láìsí ẹni tó ń wò wọ́n, kódà bí o bá fẹ́ lọ pọn omi lásán.

Bí wọn kò bá tíì tẹ akọ náà lọ́dàá, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìwà akọ tó rọlẹ̀ lára rẹ̀. Bi dókítà léèrè nípa ìyá pẹ̀lú, nítorí abo ológbò lè lóyún mìíràn nígbà tó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú.

Ìyá rẹ kí ọ. Pè wá nígbà tí ojú wọn bá là.

Bàbá rẹ