Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Mi Nípa Ọmọ T'Challa

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfaradà òtútù. Ọmọ yín ló ní kí n bá òun bi yín bóyá ọmọ T'Challa, ọba Wakanda tó ń jẹ́ Black Panther nínú fíìmù, yóò wà nínú Avengers: Doomsday, fíìmù tí wọ́n ti kéde pé yóò jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2026 yìí. Mo kọ́kọ́ dá a lóhùn pé n kò rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yin ni ẹ mọ ọ̀rọ̀ Wakanda jù nínú ilé wa, ẹnu yín ni òun sì ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ti gbé àbá tirẹ̀ kalẹ̀ pátápátá. Ó ní nígbà tí àwọn ayé bá kọlu ara wọn, ọjọ́ orí yóò dàrú, ọmọ náà, tó ṣì kéré tí ìyá rẹ̀ ń tọ́ ní Haiti, yóò ti ayé mìíràn jáde ní géńdé, yóò wọ aṣọ bàbá rẹ̀, yóò sì kojú Doom, ọ̀tá inú fíìmù náà. Orí oúnjẹ alẹ́ ni a wà. Àmàlà rẹ̀ ti tutù, ó sì ń fi ìka fa ìlà sínú gbẹ̀gìrì láti fi hàn mí bí ayé kan yóò ṣe wọ inú èkejì. Nígbà tó ṣàlàyé tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Àǹtí, bí ọjọ́ orí kò bá wá dàrú ńkọ́, ta ni yóò lọ mú un wálé láti Haiti?"

N kò rí èsì fún un. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò ohùn tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, ẹ̀yin náà sì máa ń tètè sọ pé ẹ wà níbi iṣẹ́.

Ẹ kò lè tíì gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí àwọn tó ń ṣe fíìmù náà to àga sílẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ tó wà lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan hàn wá, tí orúkọ 27 sì gbà wọ́n ju wákàtí márùn-ún lọ. A jọ wò ó ni, ẹ̀yin ní Kánádà, èmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, iná ti lọ, bátìrì fóònù mi sì ń kú lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí àga Letitia Wright, ẹ pariwo sí mi létí. Winston Duke tẹ̀ lé e nígbà tó yá, Tenoch Huerta Mejía náà wà níbẹ̀, a sì mọ̀ pé Shuri tó jẹ́ àbúrò T'Challa, àti M'Baku àti Namor tí wọ́n jọ wà nínú fíìmù Wakanda, yóò padà wá. Mo wá ń dúró de àga Lupita Nyong'o, tó ṣe Nakia, ìyá ọmọ T'Challa. Kò dé. Mo ní bí Nakia kò bá sí níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nìyẹn, nítorí ọmọdé kì í dá rìn wọ ojú ogun. Ẹ̀yin dáhùn pé, "Ẹni tí wọ́n bá fi pamọ́ gan-an lọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀." Mo di gbólóhùn yẹn mú, n óò sì padà sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Doom fúnra rẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ kí a fi ohùn ṣọ̀kan. Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí Robert Downey Jr. ti ṣí ìbòjú lójú ní San Diego, tí gbogbo ayé rí i pé ẹni tó ṣe Tony Stark, ìyẹn Iron Man, ni yóò ṣe ọ̀tá náà, ẹ̀yin ti faramọ́ àbá pé Stark láti ayé mìíràn ni Doom, èyí tí kò kú bí tiwa ṣe kú nínú fíìmù ọdún 2019. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ọdún 1962 ni Stan Lee àti Jack Kirby mú Doom jáde nínú ìwé aláwòrán, ó ní ìtàn tirẹ̀, ó ní ìlú tirẹ̀ tó ń jẹ́ Latveria, ó sì ní ìyá kan tí ẹ̀mí rẹ̀ wà ní ìgbèkùn lọ́wọ́ Mephisto, ẹ̀mí èṣù inú ìwé náà, tí ó sì ń bá ibi gbogbo jà kí ó lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ń wá ọ̀nà àtigba ìyá rẹ̀ padà kò nílò ìtàn ẹlòmíràn kí tirẹ̀ tó wọni lára. Ohun tí mo rò ni pé Wakanda ni yóò kọ́kọ́ forí lé, bó ṣe ṣe nínú ìtàn Doomwar ní ọdún 2010, nígbà tó gba ìlú náà nítorí vibranium, irin àgbàyanu ilẹ̀ Wakanda, tí Shuri jẹ́ Black Panther, tí ó sì di dandan kí T'Challa fúnra rẹ̀ sọ gbogbo vibranium ilẹ̀ wọn di òkúta lásán kí agbára náà má baà dúró sọ́wọ́ ọ̀tá. Àbá ọmọ yín náà kò sì jìnnà sí ìwé, nítorí nínú Secret Wars ọdún 2015, T'Challa wà lára àwọn tó dúró kojú Doom nígbà tí Doom ti sọ ara rẹ̀ di ọlọ́run. Ọmọ náà kò rí ìwé yẹn rí. Orí ara rẹ̀ ló fi rò ó débẹ̀.

Àbá kan wà tó dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni ti àwọn tó ní kí wọ́n wá òṣèré mìíràn fi rọ́pò Chadwick Boseman, tó ṣe T'Challa. Ọmọ ọdún 43 péré ni nígbà tó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Láti ọdún 2016 ni ó ti mọ̀ pé àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ìfun òun, kò sọ fún aráyé, ó ń ṣiṣẹ́ lọ, a sì ń rí i tó ń ja ìjà lójú àwòrán láìmọ ohun tó ń fara dà. Ryan Coogler, olùdarí fíìmù náà, pinnu pé bí òṣèré bá lọ, T'Challa náà yóò lọ, mo sì bọlá fún un nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin bínú nígbà náà. Ẹ ní ìtẹ́ kò gbọdọ̀ ṣófo. Ọ̀rọ̀ yín sì bá àsìkò mu, nítorí nígbà tí apá kejì Black Panther, Wakanda Forever, jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìlú tiwa gan-an kò ní ọba. Ọba Oyèwùmí, Ajágungbádé Kẹta, tó ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1973, ti wàjà ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìtẹ́ Ṣọ̀ún sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ àti àríyànjiyàn títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tí Ọba Afọlábí Ghandi Ọláoyè fi jọba, ọmọ oyè tó ti ń ṣe pásítọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà kàn, ẹ ní, "Ṣé o rí i? Ọmọ tó wà lókè òkun náà lè padà wá jókòó sípò bàbá rẹ̀." Inú mi dùn débi pé n kò sùn dáadáa, nítorí mo rò pé ara yín ni ẹ ń sọ.

Ṣùgbọ́n alẹ́ mìíràn ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò pẹ́ tí a sin Bàbá ni mo mú ọmọ yín lọ wo apá kejì yẹn ní sinimá ní Ring Road ní Ìbàdàn, kí ojú rẹ̀ lè kúrò lára àga tí Bàbá máa ń jókòó sí. N kò mọ̀ pé ìsìnkú ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlú wọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n sì gbé pósí ọba kọjá láàárín wọn. Ojú oórì Bàbá ni mo padà sí. Wọ́n ní kí Dáwódù bọ́ síwájú, wọ́n tún un sọ, pásítọ̀ gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé orin, Bàbá kékeré sì na ọkọ́ sí mi. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, yẹ̀pẹ̀ pupa náà lẹ̀ mọ́ irin, kò fẹ́ dà sílẹ̀, mo sì ní láti fi ọwọ́ mi ha á sórí pósí bàbá wa níṣojú gbogbo ẹbí. Ó wà lábẹ́ èékánná mi títí di ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, nígbà tí fíìmù dé ìparí, tí Nakia mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ Shuri ní etí òkun ní Haiti, tí ó ṣàlàyé pé T'Challa ti múra wọn sílẹ̀ fún ikú rẹ̀, pé T'Challa fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n wá síbi ìsìnkú, pé wọ́n ti ṣe ìdágbére tiwọn níbi tí wọ́n wà, omijé ń dà lójú àwọn tó yí mi ká, inú sì ń bí mi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún yín lórí fóònù pé Nakia kò ṣe dáadáa. Mo ní ohun tí ọkọ àti aya bá jọ sọ kò pa gbèsè tó jẹ ìyá òkú àti àbúrò òkú rẹ́, pé ó yẹ kí ó wá, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn èrò ni yóò dúró sí. Ẹ dákẹ́ títí. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ẹ wá sọ pé, "Bí òkú fúnra rẹ̀ bá ní kí o má wá, ta ni yóò tún wá bi ọ́?" Ẹ ní ẹ óò tún pè, ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ tún pè, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni ẹ bá mi sọ.

Bọ̀ọ̀dá mi, òkú wo ni ẹ ń sọ?

Èmi ni mo gbé fóònù wọ yàrá fún Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní kí n gbé ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn, wọ́n ní kí n jáde, kí n sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó pè mí padà. Ojú wọn kò korò. Wọ́n kàn ní, "Ẹ má yọ ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu," wọ́n sì béèrè omi. N kò bi wọ́n léèrè, nítorí a kì í bi Bàbá léèrè ohun tí wọn kò bá fẹ́ sọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó àmì jọ lórí yín, gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ ń kó o jọ lórí fíìmù. Bí Bàbá bá ní kí ẹ má wá nítorí ìwé ìgbélùú yín kò tíì jáde, tí ẹ kò sì ní lè padà wọlé síbẹ̀, àbá kan nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ owó ni kò sí, òmíràn nìyẹn. Ọjọ́ kan wà tí mo tilẹ̀ rò pé ẹ ti bá Bàbá jà, pé ìdágbére ọ̀tọ̀ ni ẹ ṣe. Shuri gbọ́ tirẹ̀ kí fíìmù tó parí. Wọ́n mú un lọ sí etí òkun, wọ́n fi ọmọ hàn án, wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un tààrà, ó sì ti sun aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi bu yẹ̀pẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìdí kankan fún mi. Ẹ fẹ́ràn àti máa sọ ohun tí Doom ń rò lábẹ́ ìbòjú fún mi, ẹ sì fi ohun tí bàbá tó bí àwa méjèèjì sọ pamọ́ fún mi. Ó dùn mí gan-an.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìbànújẹ́ nìkan. Bàbá kékeré ti pe ìpàdé mọ̀lẹ́bí sí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá Bàbá, wọ́n sì fẹ́ kí a pín ilẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Aròjé. Wọ́n ní Dáwódù tí kò wá sin bàbá rẹ̀ kò lè sọ pé òun ní ìpín tí yóò dúró de òun. N kò rí ohun tí n óò fi dá wọn lóhùn, nítorí ẹ kò fún mi ní nǹkan kan tí mo lè gbé síwájú ẹbí. Bí Bàbá bá ti fi ilẹ̀ náà lé yín lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ sọ. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ti ń jò sórí yàrá tí ọmọ yín ń sùn sí, mo ti sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí tèmi, owó oṣù olùkọ́ kò sì lè ra páànù lẹ́ẹ̀kan. Yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ ń lọ, ẹ ní bí ìwé rẹ̀ bá ti jáde ni ẹ óò wá mú un, kò sì tíì mọ̀wé kà nígbà náà. Ó ti ń bá mi máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi báyìí.

Ẹ bá mi pè kí ìpàdé Sátidé tó dé. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí Bàbá sọ fún yín, bó ti wù kó rí, ẹ má dín in kù nítorí mi. Lẹ́yìn náà, n óò gbé fóònù fún ọmọ yín kí ẹ̀yin fúnra yín dá a lóhùn lórí Haiti, nítorí yóò tún bi yín bó ṣe bi mí. Bí ẹ bá sì ní ẹ fẹ́ bá òun nìkan sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú: n kò ní jáde kúrò nínú yàrá lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni,
Àbúrò yín.